Láti Àkúrẹ́ dé Manaus: bí a ṣe ń ṣètò ìrìnàjò ọkọ̀ kékeré láàárín igbó Amazon

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ará Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Oǹdó tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹranko inú igbó kìjikìji, tó sì ti ń tọ́jú owó ìrìnàjò kan pamọ́. Odò Amazon ni mo fẹ́ kí ẹ lọ. Odò ni títì níbẹ̀, ọkọ̀ ni ilé, ẹ ó sì sùn lórí omi ní òru mẹ́rin tàbí márùn-ún láìgbọ́ fèrè mọ́tò kankan. Ìdí kan tún wà tó kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Igbó yẹn ni igi kòkó ti ṣẹ̀ wá, kòkó tó kọ́ ilé, tó sì rán ọmọ lọ sílé ìwé ní Ìdànrè, ní Ilé-Olújì àti ní Oǹdó.

Gíga omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan ọkọ̀, kí ẹ sì tó yan ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é sódì. Wọ́n á rí àwòrán ọkọ̀ tó wù wọ́n, wọ́n á sanwó, wọ́n á débẹ̀ tán, odò ti fà, ibi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ kò ṣeé dé mọ́.

Manaus tàbí Iquitos?

Ìlú méjì ni àwọn ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí ti sábà máa ń gbéra. Ọ̀kan ni Iquitos ní Pérù. Kò sí títì tó so ìlú náà mọ́ àwọn ìlú ńlá Pérù yòókù, bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ igbó ọba Pacaya-Samiria, tó ju mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà lọ. Èkejì ni Manaus ní Bràsíl, ìlú tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ, níbi tí odò ńlá méjì ti pàdé.

Manaus ni mo yàn fún wa. Bràsíl ní kọ́ńsúlétì l'Ékòó, ó ní ẹ́ńbásì l'Ábùjá, ẹ kò ní máa wá físà kiri ìlú òkèèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Rio Negro, odò dúdú tó ṣàn gba ẹ̀bá Manaus, kì í ní ẹ̀fọn púpọ̀. Ewé àti gbòǹgbò tó ń rà sínú rẹ̀ ló mú omi náà kan díẹ̀, ọmọ ẹ̀fọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú nínú omi bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí omi àgbo tó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Ẹ bu ú sínú ife, ó pọ́n díẹ̀. Ẹ wò ó láti orí ọkọ̀, ó dúdú kirikiri.

Ẹ fi gíga omi yan oṣù

Nílé wa, bí òjò bá ń rọ̀, odò á kún. Bí ọyẹ́ bá dé, odò á fà. Ẹ má gbé òye yẹn lọ sí Manaus. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Karùn-ún ni òjò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù, síbẹ̀ odò kì í kún dé góńgó títí di nǹkan bí oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró. Kì í ṣe òjò Manaus nìkan ló ń kún odò Manaus. Láti òkè Andes àti láti ọ̀nà jíjìn réré ni omi ti ń ṣàn bọ̀, ìrìn rẹ̀ sì ń gba oṣù. Láti oṣù Keje ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, títí di oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá. Láàárín ọdún kan, ìyàtọ̀ omi kíkún àti omi fífà ní Manaus lè tó mítà mẹ́wàá.

Nígbà tí omi bá kún, igbó á rì. Ọkọ̀ ìtukọ̀ yín á máa gba àárín ẹ̀ka igi kọjá, ní ibi tí ẹni tó bá wá ní oṣù Ìkọkànlá yóò máa na ọrùn sókè wò. Ọ̀bọ àti ẹyẹ tó ń gbé orí igi á wá wà ní ọ̀gangan ojú yín. Ẹja náà á wọ igbó lọ jẹ èso. Ẹja ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní tambaqui, eyín rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó le, hóró igi rọ́bà ló fi ń fọ́ jẹ.

Nígbà tí omi bá fà, iyanrìn funfun á yọ, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó, àwọn ọ̀nì àti ẹyẹ omi á sì kó jọ sí ìwọ̀nba adágún tó bá ṣẹ́kù. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn ìrìn ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, omi Rio Negro ní èbúté Manaus fà dé mítà 12.70, èyí tó kéré jù láti 1902 tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2024 ó tún fà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní adágún Tefé, ní 2023 yẹn kan náà, omi gbóná débi pé ẹja dọ́fíìnì tó ju 100 lọ kú. Àwọn abúlé kan wà tí ọkọ̀ kò lè dé mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àlejò.

Bí ẹ bá bi mí, ìparí oṣù Kẹfà wọ oṣù Keje ni. Omi ṣì ga, òjò ti dín kù. Ẹni tó jẹ́ olùkọ́ tàbí tó ní ọmọ nílé ìwé lè fi ti ìsinmi gígùn wa ṣe, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ kò tíì burú.

Ọkọ̀ wo?

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn. Ọkọ̀ ńlá tó ń ti òkun wọlé wá, tó ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò, kò wúlò fún ohun tí a ń wí. Kò lè kúrò lójú odò gbalasa. Ọkọ̀ kejì ni ọkọ̀ èrò tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú, tí kálukú ń so hámọ́ọ̀kì tirẹ̀ mọ́ òpó láti sùn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ó sì mọ ènìyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ibi tó ń lọ ni, kò ní dúró nítorí ọ̀bọ. Ẹ̀kẹta ni tiwa: ọkọ̀ alájà méjì tàbí mẹ́ta, onígi tàbí onírin, tó ń gbé ènìyàn bíi mẹ́jọ sí ogún, tó ní yàrá kékeré kékeré, tó sì so ọkọ̀ ìtukọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ìdí.

Kékeré rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ó lè wọ ẹ̀ka odò tó tóóró, ó sì lè dúró mọ́ ìdí igbó lálẹ́. Bí èrò bá jẹ́ méjìlá, gbogbo yín lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọgọ́ta, ẹ ó máa tò, ẹranko kì í sì í dúró de ẹni tó wà lórí ìlà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ:

- Èrò mélòó ni amọ̀nà kan ń mú dání? Bí ó bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ wá ibòmíràn.
- Ṣé ọmọ odò náà ni amọ̀nà, àbí ọmọ ìlú tó wá kọ́ṣẹ́? Ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀bá omi á ti rí ẹranko kí tọ́ọ̀ṣì yín tó débẹ̀.
- Inú igbó tó rì, ṣé àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ọkọ̀, àbí ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo?
- Láífù-jákẹ́ẹ̀tì wà fún olúkúlùkù, títí kan inú ọkọ̀ ìtukọ̀? Rédíò tàbí fóònù sátẹ́láìtì ńkọ́?
- Bí odò bá fà jù, ọ̀nà wo ni a ó gbà, kí sì ni ó ṣẹlẹ̀ sí owó mi?
- Ṣé owó igbó ọba, omi mímu àti gbígbé mi láti pápákọ̀ òfurufú wà nínú iye yìí?
- Níbo ni ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ ọkọ̀ ń lọ?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má tijú láti bi í. Ọkọ̀ tó bá ń tú ìgbẹ́ sínú odò tó fi ń pawó kò yẹ ní owó yín. Èsì tó ṣe kedere ni ẹ ń wá. Ẹni tó bá dá yín lóhùn pé "ẹ má ṣèyọnu" láìdáhùn ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ bèèrè ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà pẹ̀lú. Èyí tó ń gòkè Rio Negro lọ sí Anavilhanas ni mo fẹ́ràn jù. Nǹkan bí 400 erékùṣù ló wà níbẹ̀, ó sì ti jẹ́ igbó ọba ìjọba àpapọ̀ Bràsíl láti 2008. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ó ya sí ìhà Solimões, odò kejì tó pàdé Rio Negro ní Manaus, fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí kòkó.

Ìwé àti abẹ́rẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, ó kéré tán. Pásípọ́ọ̀tù tó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ, ìwé báńkì, ìwé iṣẹ́ tàbí ìwé ilé-iṣẹ́ yín, ìwé tí ọkọ̀ fi gbà yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ kọ́ńsúlétì bóyá ọ̀dọ̀ wọn l'Ékòó ni ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ń fi ìwé sí. Ẹ má san gbogbo owó ọkọ̀ kí físà tó jáde. Ẹ san àsansílẹ̀ tí wọ́n lè dá padà.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, nítorí àìsàn náà wà lọ́dọ̀ wa, ó sì wà nínú igbó Amazon. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ gbà á ni yẹ́lò-káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé, ẹni tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ kò nílò òmíràn. Orúkọ ara káàdì gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á láìgún abẹ́rẹ́. Ara yín ni ẹ̀ ń tàn. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó gba tirẹ̀.

Ẹ gba oògùn ìdènà ibà lọ́wọ́ dókítà pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà wa máa ń wí pé, "Ibà wo ló kù tí kò tíì ṣe mí rí?" Agbára díẹ̀ tí ara wa ní, ibà ilé wa ló kọ́ ọ. Kò tó gbára lé nínú igbó ẹlòmíràn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó gbé ìlọ́po méjì iye tí yóò lò, kó sì pín in sínú báàgì méjì. Láti ibi tí ọkọ̀ máa ń dé, ilé ìwòsàn lè wà ní ọ̀pọ̀ wákàtí sí yín. Nítorí náà, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó ń san owó gbígbé aláìsàn jáde.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Igbókòdá

Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn ń fò, òun sì ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú ìmúrasílẹ̀. Ẹ gba Oǹdó, Orè àti Òkìtìpupa lọ sí Igbókòdá ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ Ìlàjẹ kan dúnàádúrà fún wákàtí méjì, ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ tù, tàbí kó pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ti kúrò ní èbúté. Ẹ wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá ní, ẹ mú tiyín dání.

Ohun tí ẹ lọ kọ́ ni bí a ti ń wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ á bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀, ìdí á wálẹ̀ kíákíá, ènìyàn méjì kì í sì í dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ wò ó bóyá òòyì máa ń kọ́ yín lórí omi. Ẹ sì lọ kọ́ bí a ti ń lo bainókúlà, nítorí kò rọrùn bó ṣe dà bí ẹni pé ó rọrùn.

Ẹ máa rí ẹyẹ apẹja kan lójú omi wa, dúdú òun funfun, tó máa ń dúró sójú kan lófurufú, tó ń ju ìyẹ́ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, tó ń dojú àgógó rẹ̀ kọ omi, kó tó já bọ́ bí òkò. Òun ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú lásán rí i. Ẹ má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Láìsọ ojú kalẹ̀, ẹ gbé bainókúlà wá bá ojú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé bainókúlà sójú kó tó máa wá ẹyẹ, ewé ni yóò máa wò títí ẹyẹ á fi lọ. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, tí ẹ lè rí i kó tó bọ́ sómi, ẹ ti ṣe tán fún Amazon.

Ẹni tí kò bá lè dé Igbókòdá lè lọ sí igbó ọba Àkúrẹ́ ní Apọ́nmú, kó bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó sọ̀rọ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kó má sì dá lọ. Ní FUTA, ẹ̀ka kan wà tó ń kọ́ni nípa ẹranko igbó àti ìrìnàjò afẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kan tó mọ ohùn ẹyẹ á kọ́ yín ní ohun tí ìwé kò lè kọ́ yín láàárín òwúrọ̀ kan.

Ẹrù

Báàgì rírọ̀ ni kí ẹ gbé, yàrá ọkọ̀ kékeré, àpótí líle kò ní rí ààyè. Aṣọ alápá gígùn tó fẹ́lẹ́, aláwọ̀ ewé tàbí eérú. Ẹ̀wù òjò. Fìlà tó ní okùn. Ìpara tó ń lé ẹ̀fọn. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mórí. Báàgì tí omi kò lè wọ̀ fún fóònù àti pásípọ́ọ̀tù. Bainókúlà tí wọ́n kọ 8×42 sí lára tó fún ẹnikẹ́ni, èyí tó bá tóbi jù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ nínú ọkọ̀.

Pílọ́ọ̀gì wọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ wá àdápítà. Ẹ wo ara ṣájà yín. Bí wọ́n bá kọ 100–240 sí i, kò sí wàhálà. Ẹ má gbé ẹran gbígbẹ, ẹja gbígbẹ tàbí irúgbìn èyíkéyìí dání. Aṣọ́bodè Bràsíl kì í fi ojú fo ìyẹn.

Ọ̀nà ibẹ̀

Láti Èkó, ẹ lè gba Addis Ababa dé São Paulo, kí ẹ tún wọ bàálù bíi wákàtí mẹ́rin dé Manaus. Aago Manaus fi wákàtí márùn-ún dúró lẹ́yìn tiwa. Ẹ débẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀. Bí bàálù bá pẹ́, ọkọ̀ odò kì í dúró.

Ọjọ́ tí ẹ fi ń dúró yẹn, ẹ lọ sí ọjà Adolpho Lisboa létí odò láàárọ̀. Ẹ ó rí ẹja tó gùn ju ọmọdé lọ, àti ẹ̀gẹ́ ní oríṣiríṣi: farinha tí wọ́n yan títí ó fi ń dún láàárín eyín, àti tucupi, omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sè títí oró inú rẹ̀ fi lọ, tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀. Ará Oǹdó tó mọ gàrí kò ní jẹ́ àlejò nídìí àwo oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn náà ẹ wo Teatro Amazonas, ilé eré tí wọ́n ṣí ní 1896. Owó rọ́bà ló kọ́ ọ.

Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé fóònù yín kò ní lọ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ mọ bí ọkàn ìyá ṣe máa ń rí bí ó bá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbé e.

Ọjọ́ kan lórí omi

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ gba ibi tí odò méjì ti pàdé. Rio Negro dúdú, Solimões pọ́n bí ẹrẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà kí wọ́n tó dàpọ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi nígbà tí ọkọ̀ bá ń rékọjá ìlà náà. Omi Negro gbóná díẹ̀, ó tó 28°C, ó rọra ń lọ. Solimões tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sáré, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì wúwo. Ìyàtọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè pò.

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n á jí yín. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì sọ pé ó rẹ̀ yín. Láàárín agogo mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ ni igbó máa ń sọ̀rọ̀ jù, ohun tí ẹ bá pàdánù nígbà náà kò ní padà wá lọ́sàn-án. Ohùn àkọ́kọ́ tí ẹ lè gbọ́ ni ti ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní guariba. Igbe rẹ̀ ń dún bí afẹ́fẹ́ ìjì tó há sínú ihò, ó sì ń dé ibi tó ju kìlómítà méjì lọ. Ẹ lè má rí i rárá. Mo ń sọ èyí kí ọkàn yín má bàa bàjẹ́, nítorí igbó kìjikìji kì í ṣe pápá tí ẹranko ti ń rìn gbẹ̀rẹ́ níta. Ewé bo gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ ó gbọ́ á pọ̀ ju ohun tí ẹ ó rí lọ. Ẹkùn ibẹ̀, onça, ọ̀pọ̀ amọ̀nà ló ń lo ọdún púpọ̀ láìrí ju bíi mélòó kan lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí ẹkùn fún yín, ẹ má gbà á gbọ́.

Ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ rí ni àwọn ẹbí odídẹrẹ́ tí wọ́n ń pè ní arara, méjì méjì ni wọ́n ń fò kọjá, wọ́n ń pariwo. Àwọn ọ̀bọ kéékèèké. Dọ́fíìnì aláwọ̀ osùn, boto, tó lè gùn ju mítà méjì lọ, tó ń yọ ẹ̀yìn lójú omi lẹ́ẹ̀kan, tó tún yọ níbi tí ẹ kò rò. Àti ẹranko kan tí a kò ní irú rẹ̀ rí nílé, preguiça, tí Òyìnbó ń pè ní sloth, tó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi embaúba bíi ìdì àwọn ewé gbígbẹ. Ẹ máa wo ibi tí igi bá pín sí, kì í ṣe ojú ewé. Ibẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ó ń sọ̀kalẹ̀ wá ṣu ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì tún mọ omi wẹ̀.

Bí ẹ bá gòkè ilẹ̀ láti rìn, ẹ ní kí amọ̀nà fi samaúma hàn yín. Ẹ ó mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ rẹ̀: àràbà ni, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú igbó wa, ìtàkùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń lu ẹsẹ̀ igi náà láti fi ránṣẹ́ sí ara wọn nínú igbó. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó gbọ́ bí ó ti ń dún lọ.

Lálẹ́ ni ìrìn tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á pa gbogbo iná. Amọ̀nà á dúró síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, á máa fi í gbá ẹ̀bá odò lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tí ẹ kò rí ohunkóhun, iná pupa méjì kékeré á tàn padà: ojú ọ̀nì wọn ni, jacaré. Bí ojú méjèèjì bá jìnnà sí ara wọn, ó tóbi nìyẹn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ká ọwọ́ yín sínú ọkọ̀, ẹ má tan iná fóònù.

Ẹ tẹ́tí sí mi lórí èyí: àwọn ènìyàn kan létí odò máa ń de preguiça, ọmọ ọ̀nì tàbí òjòlá mọ́lẹ̀, kí àlejò gbé e ya fọ́tò kó sì sanwó. Ẹ má gbé e, ẹ má sanwó. Inú igbó ni wọ́n ti jí ẹranko yẹn kó, kì í sábà pẹ́ láyé, òmíràn ni wọ́n sì máa lọ mú nítorí owó tí àlejò ń san. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífún boto ní ẹja kí ẹ lè fọwọ́ kàn án. Láti 2018 ni wọ́n ti ka boto mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ìparun.

Kòkó, àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé bọ̀ wálé

Ẹgbẹ́ Rio Negro kò lọ́ràá. Ìhà Solimões ni ẹrẹ̀ òkè Andes ń sọ̀kalẹ̀ sí lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni ẹ sì ti máa rí kòkó, lẹ́yìn ilé àwọn abúlé etí omi àti nínú igbó, lábẹ́ igi ńlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilẹ̀ tí omi ti bò rí. Ẹ̀fọn pọ̀ ní ìhà yẹn ju Rio Negro lọ, ẹ fi ìpara ẹ̀fọn ra ara yín dáadáa. Ní òkè odò náà, ní ilẹ̀ Ecuador, wọ́n ti rí àmì pé ènìyàn ti ń lo kòkó ní nǹkan bí 5,300 ọdún sẹ́yìn. Ẹ ó tún rí cupuaçu, ìbátan kòkó, tí wọ́n ń fi ẹran inú rẹ̀ ṣe ohun mímu. Ẹ mu ún.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó, ọkàn yín á fà sí i láti mú hóró kan, kan ṣoṣo péré, bọ̀ wálé lọ gbìn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Àrùn kan wà ní Amazon tí wọ́n ń pè ní ìgbálẹ̀ àjẹ́, olú ló ń fà á. Ó máa ń sọ ẹ̀ka kòkó di ìdì ìgbálẹ̀, ó sì ń ba èso jẹ́. Ní 1989 ni wọ́n rí i ní ìpínlẹ̀ Bahia, níbi tí kòkó Bràsíl pọ̀ sí jù nígbà náà. Láàárín ọdún díẹ̀, oko run, àwọn òṣìṣẹ́ oko kò rí iṣẹ́ ṣe, Bràsíl tó wà lára àwọn tó ń ta kòkó jù láyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó wọlé. Àrùn yẹn kò tíì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà lára àwọn tó ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà. Ẹ ro ohun tí hóró kan láti inú àpò yín lè ṣe fún Ìdànrè.

Rọ́bà náà ní tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford dá oko rọ́bà Fordlândia sílẹ̀ ní Bràsíl ní 1928, àrùn ewé wà lára ohun tó pa á. Rọ́bà tiwa kò mọ àrùn yẹn, kó má mọ̀ ọ́n láéláé.

Nítorí náà: kò sí hóró, kò sí èso, kò sí ewé, kò sí iyẹ̀pẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Manaus, ẹ fọ bàtà yín pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ ẹrẹ̀ inú pàlàpálá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ gbogbo aṣọ tí ẹ wọ nínú igbó. Bí ẹ bá fẹ́ ohun ìrántí kòkó, ẹ ra ṣokoléètì. Ẹ má wọ oko kòkó pẹ̀lú bàtà ìrìnàjò náà lẹ́yìn tí ẹ bá dé.

Bí ibà bá dé lẹ́yìn tí ẹ padà

Bí ara yín bá gbóná láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìrìnàjò, ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì bí a ti máa ń ṣe. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ jẹ́, "Dókítà, mo ti Amazon dé." Oríṣi kòkòrò ibà tí wọ́n ń pè ní falciparum ló pọ̀ jù nílé wa. Vivax, oríṣi mìíràn, ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àmì Duffy tí vivax fi ń wọlé, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n lára wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i lára àwọn tí kò ní àmì náà. Falciparum pàápàá sì wà ní Amazon. Vivax máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ó lè sùn síbẹ̀ fún oṣù kó tó jí. Oògùn ibà tí a mọ̀ ń pa èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í pa èyí tó sùn. Primaquine ni wọ́n sábà ń fún ènìyàn fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa. Kí wọ́n yẹ G6PD yín wò kí ẹ tó gbé ẹyọ kan mì.